Ẹ̀yin Atẹ̀wé, Ẹ Tẹ Ìwé Tí Yóò Dẹ́rù Bà Wá

Lẹ́tà ṣíṣí sí gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìtàn-àròsọ Yorùbá jáde

Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó bébà àti yíǹkì tó ń gbówó lórí lójoojúmọ́. N kò mọ ẹnì kankan nínú yín lójúkojú, ṣùgbọ́n owó mi mọ̀ yín dáadáa, nítorí pé mo máa ń ra ìwé. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀: ẹ tẹ ìwé ìtàn ẹlẹ́rù jáde fún wa, ní Yorùbá, fún àgbà. Kì í ṣe fún ọmọ iléèwé. Fún àgbà tó ti bímọ, tó ti sin òbí, tó ti jókòó níbi ìpàdé ẹbí tí wọ́n ti ń pín ogún, tó sì mọ̀ pé ohun tó ń dẹ́rù bani jù láyé yìí kò ní ìwo lórí.

Irú ìwé tí mò ń sọ ni àwọn òyìnbó ń pè ní gọ́tíìkì. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé ládùúgbò wa máa ń dà á pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní dark fantasy, ìyẹn ìtàn ilẹ̀ tí kò sí rí, níbi tí idán àti ìkà ti jọ ń jọba, èyí tí èmi ń pè ní ìtàn abàmì. Òkùnkùn ni méjèèjì ń gbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò kà wọ́n sí ọ̀kan. Ìtàn abàmì a máa mú ni jáde kúrò nílé. Gọ́tíìkì a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ni sínú ilé. Èyí tó ń ti ilẹ̀kùn yẹn ni mo fẹ́ràn jù, òun náà sì ni n kò rí rà ní Yorùbá.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1764, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Horace Walpole, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tẹ ìwé kékeré kan jáde tó pè ní The Castle of Otranto. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó purọ́ pé ìwé àtijọ́ láti ilẹ̀ Ítálì ni, pé ẹnìkan kàn túmọ̀ rẹ̀ ni. Nígbà tó rí i pé ó ń tà, ó jẹ́wọ́ nínú ẹ̀dà kejì ní 1765, ó sì fi kún àkọlé rẹ̀ pé ìtàn gọ́tíìkì ni. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìyẹn kọ́ àwọn òǹkọ̀wé yín.) Nínú ìtàn náà, ọjọ́ ìgbéyàwó àrólé ààfin pé, àṣíborí irin ràgàjì kan já bọ́ látòkè, ó tẹ ọkọ ìyàwó pa. Gbogbo ilé dàrú. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi yé wa, a ti mọ̀ pé bàbá tó bí bàbá ọba tó wà lórí oyè, ìránṣẹ́ ni lọ́dọ̀ ẹni tó ni oyè gan-an. Ó fún ọ̀gá rẹ̀ ní májèlé jẹ, ó sì gbé ayédèrú wíìlì jáde pé òun ni ọ̀gá òun fi ààfin sílẹ̀ fún.

Mo bẹ̀ yín, ta ló máa ka èyí ní Àkúrẹ́ tó máa ní kí wọ́n wá ṣàlàyé fún òun? Ayédèrú wíìlì! Oyè tí kì í ṣe ti ìdílé yẹn tẹ́lẹ̀! Ẹjọ́ oyè wà ní kóòtù nílẹ̀ Yorùbá tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí lọ́yà tó ń rò ó. Àṣíborí yẹn nìkan ló jẹ́ àjèjì sí wa. Láti ọjọ́ náà títí di òní, nǹkan kan náà ni gọ́tíìkì ń sọ, bí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ fún un tó: ohun tí àgbà ilé bò mọ́lẹ̀, ọmọ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ni yóò hú u.

Àwọn obìnrin ló wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ inú yàrá. Ann Radcliffe gbajúmọ̀ gan-an ní àwọn ọdún 1790, àmọ́ ó ní ìwà kan tí n kò fẹ́ràn: bó bá ti dẹ́rù bà ọ́ tán, yóò wá ṣàlàyé fún ọ níkẹyìn pé kò sí iwin níbẹ̀, ènìyàn ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló dé tí o jẹ́ kí n sáré? Charlotte Brontë kò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Jane Eyre ní 1847. Ọmọbìnrin aláìlóbìí kan di olùkọ́ ọmọ nínú ilé ńlá. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín kan láti òkè àjà. Olówó ilé fẹ́ gbé e níyàwó. Wọ́n dé iwájú àlùfáà kí àṣírí tó tú pé ìyàwó kan wà nílẹ̀, òun ni wọ́n tì mọ́ òkè lọ́hùn-ún. Jàmáíkà ló ti wá, olóko àti oníṣòwò ni bàbá rẹ̀ níbẹ̀, owó yẹn náà ló sì fà á tí wọ́n fi fẹ́ ẹ. Kò sí iwin nínú ìyẹn. Ènìyàn ni lóòótọ́, ìdí nìyẹn tó fi burú.

Ní 1938, Daphne du Maurier kọ Rebecca. Ìyàwó kejì dé ilé ọkọ. Ìyàwó àkọ́kọ́ ti kú, ṣùgbọ́n yàrá rẹ̀ wà bó ṣe fi í sílẹ̀, aṣọ rẹ̀ wà, ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ wà, ìránṣẹ́bìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ sì ṣì ń ṣe àkóso ilé ní orúkọ rẹ̀. Ìyàwó tuntun ló ń ròyìn fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òǹkọ̀wé kò sì sọ orúkọ tó ń jẹ́ fún wa rárá. Ìyálé tó ti kú tó ṣì ń pàṣẹ! Mo ka ìwé yẹn, mo ń rántí àwọn ilé tí mo mọ̀ ní Oǹdó tí n kò ní dárúkọ. Ìyá wo ló wà nílẹ̀ wa tó ti gbé ilé olórogún rí tí kò lè kọ orí méjì sí i kí ilẹ̀ tó mọ́? Ẹ fi ọdún 1938 yẹn sọ́kàn, n óò padà sórí rẹ̀.

Ìwé kan wà tí n kì í yá ẹnikẹ́ni. Toni Morrison, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993, kọ Beloved ní 1987. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní 1856 ló gbé e kà. Margaret Garner, ẹrúbìnrin tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá, ló pa ọmọbìnrin rẹ̀ kí àwọn tó ń lépa wọn má baà dá ọmọ náà padà sínú oko ẹrú. Nínú ìwé Morrison, ọmọ tí ìyá rẹ̀ pa ń da ilé láàmú, nígbà tó sì yá, ó gbé ara wọ̀, ó wọlé tọ̀ wọ́n wá bí ọ̀dọ́mọbìnrin. Ó ń jẹ, kò yó. Wọ́n ń kẹ́ ẹ, kò tó o. Ìyá àgbà mi tí kò ka ìwé rí ìbá gbọ́ ìlàjì rẹ̀ lásán kó tó sọ fún yín pé ó padà wá ni. Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́: orúkọ ni àwọn baba wa fi ń bẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń bá a jà.

Ben Okri fi àbíkú ṣe ẹni tó ń sọ̀tàn nínú The Famished Road, ó gba ẹ̀bùn Booker lé e lórí ní 1991. Helen Oyeyemi, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó dàgbà ní London, kọ The Icarus Girl ní 2005: ọmọ tí ìkejì rẹ̀ kú nígbà tí wọ́n bí wọn, ilé bàbá àgbà ní Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ kan tí ẹlòmíràn kò rí. Ẹ wo ìyẹn náà. Àbíkú, ìbejì, ilé bàbá àgbà. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, a sì ń fi owó ńlá rà á padà láti òkè òkun. N kò bínú sí wọn, wọ́n ṣiṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin ni mo ń bínú sí, ẹ má bínú.

Ẹ óò ní a ní Fágúnwà. A ní i, mo dúpẹ́. Ní 1938 kan náà yẹn ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Òkè-Igbó, ìlú D. O. Fágúnwà, Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí ló wà, kò jìnnà sí ìlú mi. Kí àwọn ọmọ wa tó gbọ́ ohun tó ń jẹ́ dark fantasy rárá ni ọkùnrin yẹn ti kó wa wọ igbó, tó ti fi iwin olójú mẹ́rìndínlógún pàdé wa, a sì ń rẹ́rìn-ín bí a ti ń bẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní Yorùbá tó o.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ti ń rò láti ọjọ́ pípẹ́ tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ: ojú ewé tó dẹ́rù bà mí jù nínú ìwé yẹn kò sí nínú igbó. Ìbẹ̀rẹ̀ ló wà, níbi tí Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, ti ń sọ irú òbí tó bí i. Àjẹ́ paraku ni ìyá rẹ̀, ó ti pa àwọn orogún rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Bàbá rẹ̀ yìnbọn fún ẹranko kan lóko, ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀, ipa ẹ̀jẹ̀ náà sì mú un dé ilé ara rẹ̀, dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ara mi bù máṣọ níbẹ̀. Àmọ́ ìtàn yára kọjá, nítorí ọmọ ń kánjú àtiwọ igbó. Èmi kò fẹ́ kó yára. Mo fẹ́ mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe ń sùn nínú ilé yẹn ní gbogbo ọdún tó ṣáájú. Nígbà tí ọmọ kan kú, tí òmíràn tẹ̀ lé e, tí ìyàwó kan tún tẹ̀ lé wọn, tí ọbẹ̀ ẹni tó kù ṣì ń dùn, kí ni bàbá ń rò bó ti ń fi òkèlè kàn án? Ta ló mọ̀ nínú àwọn ará ilé? Ta ló mọ̀ tó dákẹ́? Odidi ìwé gọ́tíìkì ló wà nínú ojú ewé díẹ̀ yẹn, ó ń dúró de ẹni tó máa kọ ọ́.

Àwọn tó tẹ̀ lé Fágúnwà kó igbó, wọ́n kó ìwàásù, wọ́n fi ilé sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ló ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ohun èlò sì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Òyìnbó nílò ilé olódi tó ti gbó. Ààfin àtijọ́ Déjì wà láàárín Àkúrẹ́, àgbàlá inú rẹ̀ tí à ń pè ní ùà ju 15 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tí wọ́n ń lò ó fún. Ùà Ìkómọ wà fún ìkómọ. Ùà Ùbúra wà fún ìbúra nìkan. Ẹ ro ìyẹn wò: àgbàlá tí wọn kì í ṣe nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju kí ènìyàn búra lọ. Òǹkọ̀wé tó bá mọṣẹ́ kò nílò iwin kankan. Kó ṣáà fi ẹnìkan tó búra èké sínú ààfin yẹn, kó sì rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà dé yàrá rẹ̀ lálaalẹ́.

Ìdànrè ńkọ́? Àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ni ènìyàn máa gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè. Àwọn ará ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n fi ààfin àti kóòtù àti ilé sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ Àgbógun wà lókè náà, ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu, ọmọdé àti àgbà, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Àwọn àlejò máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ká ní ọkọ, ìyàwó tuntun àti ìyá ọkọ jọ gòkè lọ́jọ́ kan, tí ìyá ọkọ ní òun kò ní ki ẹsẹ̀ tòun bọ̀ ọ́, pé eékún ń dun òun. Kò sí nǹkan mìíràn tó ní láti ṣẹlẹ̀ ní orí kìíní.

Àmọ́ bí ẹ bá bi mí, ilé tí mo fẹ́ kà nípa rẹ̀ jù kì í ṣe ààfin, kì í sì í ṣe orí òkè. Ilé pètẹ́ẹ̀sì owó kòkó ni. Ẹ rìn gba àárín ìlú Oǹdó kọjá, ẹ óò rí wọn. Fèrèsé onígi, òdòdó sìmẹ́ǹtì lára ògiri, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ ní iwájú òkè, yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí mọ́ nítorí àwọn ọmọ ti wà ní Èkó, ní London, ní Texas. Bàbá tó kọ́ ọ wà nísàlẹ̀. Wọ́n sin ín sí pálọ̀, wọ́n tẹ́ táìlì lé e lórí, àga sì ti bo apá kan. Bí Kérésì bá dé, orí rẹ̀ là ń jókòó sí jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. Ta ló tún fẹ́ lọ yá ibojì lọ́wọ́ òyìnbó?

Kòkó yẹn gan-an, ta ló ro oko rẹ̀? Láyé àwọn bàbá àgbà wa, ẹni tó yá owó lè fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ọmọ yẹn á máa ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi san owó náà tán, iṣẹ́ tó ń ṣe kì í sì í dín gbèsè náà kù kọ́bọ̀ kan, èlé lásán ni. Ìwọ̀fà ro oko kòkó gan-an nílẹ̀ Yorùbá kí ìjọba amúnisìn tó fòfin dè é. Ilé mélòó ló dúró títí dòní lórí iṣẹ́ ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò wá rà padà? Àwọn ọmọ-ọmọ ìwọ̀fà yẹn dà? Ṣé wọn kò máa jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà pẹ̀lú wa, tí a jọ ń ṣe ẹgbẹ́ aṣọ, tí àwọn àgbà ilé kàn máa ń sọ̀rọ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń pín ilẹ̀? Nínú Jane Eyre, owó Jàmáíkà ni wọ́n fẹ́ níyàwó, obìnrin tó bá owó náà wá ló sì dáná sun ilé náà níkẹyìn. N óò fẹ́ ka ohun tí owó kòkó ṣe.

Ẹ tún wo èèwọ̀. Ìdílé kan kì í jẹ òkété, òmíràn kì í gbá ilẹ̀ àgbàlá lálẹ́. Ẹ bi àwọn àgbà pé nítorí kí ni, wọ́n á ní bí àwọn náà ṣe bá a nìyẹn. Oríkì wá ńkọ́? Lẹ́tà tó ti gbó nínú àpótí ni òyìnbó máa ń fi tú àṣírí ilé, tiwa wà lẹ́nu obìnrin ilé láràárọ̀. Ìyá àgbà á ki ọmọ títí orí ọmọ á wú, ìlà kan á sì wà nínú rẹ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni mọ́, ìlà tó ń sọ nípa odò kan, tàbí nípa àlejò kan tó wọlé tí a kò rí i kó jáde. Ọmọ á gba oríkì yẹn fún ọgbọ̀n ọdún, inú rẹ̀ á máa dùn, kó tó yé e lọ́jọ́ kan pé ẹ̀sùn ni.

N kò tíì dárúkọ àkúdàáyà o, ẹni tó kú síbìkan tó lọ gbélé níbòmíràn, tó ń ṣòwò, tó fẹ́yàwó, tó bímọ, títí ará ìlú rẹ̀ àtijọ́ yóò fi ṣèèṣì rí i lọ́jà. Dracula tí Bram Stoker kọ ní 1897 ní láti kó àpótí erùpẹ̀ ìlú rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó lè gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkúdàáyà tiwa á wọ dánfó.

Mo mọ̀ pé ìtàn abàmì ni àwọn ọ̀dọ́ yóò máa gbé wá bá yín ju gọ́tíìkì lọ, nítorí òun ló ń tà lókèèrè. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ bá mi fà wọ́n létí díẹ̀. Tomi Adeyemi fi òrìṣà wa kọ Children of Blood and Bone ní 2018. Ọmọbìnrin mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, inú mi náà sì dùn pé orúkọ Yorùbá rin ayé. Agbára òrìṣà pọ̀ níbẹ̀, ọ̀wọ̀ òrìṣà ni kò tó mi. Marlon James, ọmọ Jàmáíkà, kọ Black Leopard, Red Wolf ní 2019, ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ débi pé nígbà tí mo fi ka ìwé náà dé ìlàjì, ọkàn mi ti yigbì, wọ́n ń pa ènìyàn, èmi ń wò ó bóyá ìrẹsì mi ti jinná. Ikú kan ṣoṣo tí a ti ń bẹ̀rù láti orí kejì sàn ju ogójì lọ. Ẹ sì bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má gbé Èṣù wá fún wa mọ́ bí Sàtánì oníwo. Ìkà tí mò ń wá nínú ìwé ní nọ́ńbà fóònù, ó sì máa ń gbàdúrà kó tó jẹun.

Ẹnìkan nínú yín yóò ní ṣọ́ọ̀ṣì kò ní gbà. Akọrin ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi Bíbélì dáhùn. Áhábù fẹ́ ọgbà àjàrà Nábótì. Nábótì ní ogún bàbá òun ni, òun kò tà. Jésébẹ́lì kọ ayédèrú lẹ́tà, ó fi òǹtẹ̀ ọkọ rẹ̀ lù ú, wọ́n fi ẹlẹ́rìí èké sọ Nábótì lókùúta pa, ọba sì sọ̀ kalẹ̀ lọ gba ilẹ̀. Èlíjà ní ibi tí ajá ti lá ẹ̀jẹ̀ Nábótì ni ajá yóò ti lá tọba. Ìgbà tí Áhábù rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, Olúwa ní ibi náà kò ní dé nígbà ayé rẹ̀. Ayé ọmọ rẹ̀ ni yóò dé sí ilé rẹ̀. Inú 1 Àwọn Ọba 21 ló wà. Ogún, ayédèrú ìwé, ẹ̀jẹ̀, ọmọ tí yóò san án. Gbogbo ohun tí Walpole ní ló wà níbẹ̀, àfi àṣíborí. Pásítọ̀ tó bá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn fún òkùnkùn, kó kọ́kọ́ ya ojú ewé yẹn.

Pé kò ní tà? Ẹ gbàgbé ìyẹn. Ní àwọn ọdún 1990, bí olóògbé Kọ́lá Ọláwuyì bá ti bẹ̀rẹ̀ Nǹkan Ń Bẹ, ètò rẹ̀ tó ń sọ ìṣẹ̀lẹ̀ abàmì, lórí rédíò, ta ló ń pa rédíò rẹ̀?

Ẹ sì má sọ fún mi pé ìwé Yorùbá kò tíì gbọ́n tó. Èmi Sẹ̀gilọlá tí Isaac Thomas ń kọ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929, àgbà tó ń fi owó ara rẹ̀ ra ìwé ìròyìn ló ń kà á, obìnrin tó ti gbé ayé fàájì ló sì ń jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó fi hàn pé Yorùbá lè gbé ìtàn ọ̀daràn tó le koko. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìdánwò gba gbogbo ilé. Mo mọ ìdí rẹ̀: ìwé tí ìjọba bá yàn fún iléèwé ní oníbàárà dájúdájú. Ṣùgbọ́n ó ti sọ yín di ẹni tí kò lè rí ìtàn kó má wá ẹ̀kọ́ inú rẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá máa tẹ irú ìwé tí mò ń sọ, ẹ má fi ìbéèrè sí ìparí orí. Kò sóhun tó ń pa ẹ̀rù bíi kí òkú ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ wá bi mí pé, Ta ni olú ẹ̀dá ìtàn? Ẹ má sì fipá mú òǹkọ̀wé kó gbé wòlíì wá ní orí tó kẹ́yìn láti fi ìyẹ̀fun funfun àti ariwo tú gbogbo nǹkan ká. Fágúnwà wàásù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ jẹ́ kí a jìyà tó kí ìwàásù tó dé. Bí ilé yẹn bá ní láti wó, ẹ jẹ́ kó wó. Bí ìkà bá ní láti jókòó sí ìjókòó iwájú níbi òkú ẹni tó pa, kó gba máíkì, kó sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún. A ti rí i rí.

Ẹ fi àmì ohùn sí i pérépéré. Òǹkàwé tó ń dúró ronú bí òun yóò ṣe pe ọ̀rọ̀ kò ráyè bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, nítorí ojú àwa tó máa rà á kì í ṣe ojú ọmọ ogún ọdún mọ́. Àwòrán iwájú rẹ̀, ẹ dákun, ẹ má ya egungun orí àti àbẹ́là pupa. Ilẹ̀kùn yàrá kan tó ṣí díẹ̀ ti tó.

Ó ṣeé ṣe kí àfọwọ́kọ kan wà nínú dúrọ́ọ̀ yín báyìí tí ẹ ti dá padà tàbí tí ẹ gbàgbé síbẹ̀, torí ẹ ní kò ní ẹ̀kọ́ nínú, tàbí torí ọmọdé ló kọ ọ́. Ọmọ ọdún 18 ni Mary Shelley nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Frankenstein ní 1816. Ẹ pe ọmọ náà. Ẹ tẹ ìwọ̀nba kí ẹ fi dán ọjà wò, kí ẹ sì gbé díẹ̀ wá sí Àkúrẹ́ àti Oǹdó pẹ̀lú, kì í ṣe Ìbàdàn àti Èkó nìkan ni wọ́n ti ń kàwé. Ẹ polongo iye tí ẹ ó tà á kó tó jáde, kí n lè mọ oṣù tí n óò gba àjọ mi.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan ní Ìjọ̀kà.